Ọdún 18 nínú ẹgbẹ́ kan ṣoṣo ní líìgì ìsàlẹ̀: ṣé iṣẹ́ tó yanjú nìyẹn?

Àdìsá Croydon

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé àti ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà lókè òkun. Ọ̀rọ̀ kan ń jẹ mí lọ́kàn. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, ọmọ ọdún 18, agbábọ́ọ̀lù àárín ni. Láti ìgbà tó ti wà lọ́mọ ọdún 9 ló ti wà nílé ẹ̀kọ́ bọ́ọ̀lù ẹgbẹ́ ńlá kan níbí. Lóṣù tó kọjá, wọ́n pè é wọ ọ́fíìsì, wọ́n ní àwọn ò ní fún un níwèé àdéhùn. Ìyá rẹ̀ tó ti fi ọdún mẹ́sàn-án gbé e lọ gbé e bọ̀ wà nínú mọ́tò níta, tíì tó ń mu kò tíì tutù tí ọmọ fi jáde.

Ní báyìí, ẹgbẹ́ kan ní League Two, ìpele kẹrin bọ́ọ̀lù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní kó wá, àwọn fẹ́ fi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta wò ó. Bàbá rẹ̀ ní kò ní lọ. Ó ní ìtìjú ni, ó ní kó lọ kọ́ ìmọ̀ ìṣirò owó ní yunifásítì. Mo ní kó jẹ́ kí n sọ ìtàn ọkùnrin kan fún un, kò fẹ́ gbọ́. Ẹ̀yin ni mo wá sọ ọ́ fún.

Matt Bloomfield lorúkọ rẹ̀. Felixstowe, ní ẹkùn Suffolk, ni wọ́n bí i sí ní 1984. Ipswich Town ló ti kọ́ bọ́ọ̀lù, àmọ́ kò ráyè nínú ikọ̀ àgbà. Ní oṣù Kejìlá 2003, Tony Adams, balógun Arsenal àtijọ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ di akọ́nimọ̀ọ́gbá Wycombe Wanderers, mú un wá síbẹ̀. Ọmọ ọdún 19 ni nígbà náà. Kò kúrò níbẹ̀ mọ́ títí tó fi fi bọ́ọ̀lù gbígbá sílẹ̀ ní 2022. Ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ tó gbá fún wọn lé ní 500. Kò gbá Premier League rí láyé rẹ̀.

Ìbéèrè mi ni pé, ọkùnrin yìí, ṣé ó ṣe é tàbí kò ṣe é?

Ọ̀túnba Bódìjà

Ẹ̀gbọ́n Àdìsá, ẹ kú iṣẹ́. Èmi fara mọ́ bàbá ọmọ náà o. Ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ 46 nínú líìgì lọ́dún, ká má tíì ka ti ife ẹ̀yẹ mọ́ ọn, nínú òtútù, nínú ẹrẹ̀, níwájú ẹgbẹ̀rún mẹ́ta èèyàn. Orúnkún á bàjẹ́, ọmọ ọdún 35 á jókòó sílé, kò ní ìwé ẹ̀rí, kò ní owó tó tó kọ́lé. Ẹnì kan ṣoṣo lẹ tọ́ka sí. Àwọn tí wọ́n bá a dé lọ́dún 2003 tí wọn ò gbúròó wọn mọ́ ńkọ́?

Bí ọmọ mi ni, yunifásítì ni o. Ọ̀nà kan ò wọjà.

Ìyá Káyọ̀dé

Bàbá wa Bódìjà, òtítọ́ lẹ sọ nípa àwọn tí a ò gbúròó wọn mọ́. Ọmọ tèmi wà nínú wọn. Ọmọ ọdún 16 ni wọ́n já a sílẹ̀. Ó ti ń ṣiṣẹ́ iná mànàmáná báyìí, ara rẹ̀ le, inú rẹ̀ dùn.

Àmọ́ ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó dùn mí. Kì í ṣe pé wọ́n já a sílẹ̀. Ohun tó dùn mí ni pé ọdún kan gbáko lẹ́yìn náà, nígbà tí ẹgbẹ́ kékeré kan ní kó wá, àwa òbí ló sọ fún un pé kò tó nǹkan. A ò jẹ́ kó lọ. Títí dòní, tí bọ́ọ̀lù bá wà lórí tẹlifíṣọ̀n lọ́jọ́ Sátidé, ó máa ń dìde kúrò ní pálọ̀. Àdìsá, bá mi bẹ ẹ̀gbọ́n rẹ.

Awakọ̀ Bọ́ọ̀sì Bucks

Ẹ jẹ́ kí n dá sí i, ìlú yẹn ni mò ń gbé. High Wycombe, ìlú Wycombe Wanderers, ni mo wà láti 2005, bọ́ọ̀sì ni mò ń wà.

Adams Park, pápá ẹgbẹ́ náà, wà ní ìparí Hillbottom Road, láàárín àwọn ilé iṣẹ́ ní Sands. Ọ̀nà kan ló wọ ibẹ̀, òun náà ni wọ́n ń bá jáde, torí náà ẹni tó bá fẹ́ tètè délé kó má dúró de fèrè ìkẹyìn. Òkè tí igi bò ló wà lẹ́yìn rẹ̀. Irú igi agbègbè yẹn ni àwọn baba wọn fi ń kan àga, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń pe ẹgbẹ́ náà ní Chairboys, àwọn ọmọ oníṣẹ́ àga.

Ẹ wá wo ohun tí ojú Bloomfield rí níbẹ̀. Kò tíì pé oṣù mẹ́fà tó dé tí wọ́n já wálẹ̀ sí ìpele kẹrin, ní 2004. Wọ́n gòkè ní 2009, ọdún kan péré, wọ́n já. Wọ́n gòkè ní 2011, ọdún kan péré, wọ́n tún já. Wọ́n gòkè ní 2018. Wọ́n gòkè ní 2020. Wọ́n já ní 2021. Ó bá wọn gòkè lẹ́ẹ̀mẹrin, ó bá wọn já lẹ́ẹ̀mẹrin. Àwọn akọ́nimọ̀ọ́gbá ń lọ, àwọn akẹgbẹ́ ń lọ, òun wà níbẹ̀.

Ní oṣù Kìn-ín-ní 2006, Mark Philo, agbábọ́ọ̀lù àárín bíi tirẹ̀, ọmọ ọdún 21, kú nínú ìjàǹbá ọkọ̀. Gbogbo ìlú ló mì. Ọdún kan géérégé lẹ́yìn náà, Chelsea ti Mourinho wá sí Adams Park fún ìpele tó kángun sí àṣekágbá nínú ife League Cup, Wycombe sì wà ní ìpele kẹrin nígbà náà. Ọ̀mì ni wọ́n gbá, 1-1, Jermaine Easter ló dá góòlù padà. Ní Stamford Bridge, wọ́n jẹ 4-0. Kò sẹ́ni tó bá wọn wí.

Ṣùgbọ́n ọjọ́ tí èmi ò lè gbàgbé ni ọjọ́ 3 oṣù Karùn-ún 2014. Ọjọ́ ìkẹyìn sáà ni. Wycombe wà nínú àwọn méjì tó máa já kúrò nínú líìgì pátápátá, líìgì tí Martin O'Neill mú wọn wọ̀ ní 1993. Àwọn olólùfẹ́ ẹgbẹ́ ló ni ẹgbẹ́ náà fúnra wọn nígbà yẹn, kò sówó lọ́wọ́. Wọ́n gbọ́dọ̀ borí Torquay nílé Torquay, kí ẹlòmíràn sì tún ṣubú. Orí iṣẹ́ ni mo wà. Bàbá òyìnbó kan jókòó lẹ́yìn mi, rédíò wà létí rẹ̀, ó di ọ̀pá rẹ̀ mú bí ẹni tó ń gbàdúrà. Wycombe na Torquay 3-0. Mansfield na Bristol Rovers 1-0 nílé Bristol Rovers. Àmì 50 ni Wycombe ní, àmì 50 ni Bristol Rovers ní, iye góòlù ló yọ Wycombe. Bàbá yẹn kò sọ̀rọ̀, ẹkún ló bú sí. Ó kọjá ibi tó fẹ́ bọ́ sílẹ̀, mo ní kó jókòó, pé màá gbé e padà.

Tí ìrọ̀lẹ́ yẹn bá ti yí síbòmíràn, kò sí àṣekágbá Wembley kankan lẹ́yìn rẹ̀.

Ọ̀túnba Bódìjà

Awakọ̀, ẹ ṣeun, ẹ jẹ́ kí n rí ibẹ̀ bí ẹni wà níbẹ̀. Síbẹ̀, ìtàn ẹgbẹ́ lẹ sọ. Ti ọmọ yìí ni mò ń bi yín. Kí ni agbábọ́ọ̀lù àárín ń ṣe ní ìpele kẹrin tó fi lè jẹ́ iṣẹ́ ọwọ́ tí èèyàn lè fi gbára lé?

Ràímì Nọ́ńbà 8

Èyí kàn mí. Mo gbá bọ́ọ̀lù àárín fún ọdún mẹ́wàá nísàlẹ̀ líìgì, níbi tá a ti ń ti ibi iṣẹ́ lọ gbá bọ́ọ̀lù lálẹ́. A máa ń bá àwọn ẹgbẹ́ League Two gbá bọ́ọ̀lù ìmúrasílẹ̀ kí sáà tó bẹ̀rẹ̀, torí náà ohun tí mo fojú rí ni mo fẹ́ sọ.

Àwọn ọmọ tó ti ilé ẹ̀kọ́ ẹgbẹ́ ńlá wá, bọ́ọ̀lù wà lẹ́sẹ̀ wọn bí oúnjẹ lẹ́nu ọmọ. Wọ́n lè yí, wọ́n lè fi àtẹ́lẹsẹ̀ fà á. Ohun tí wọn ò tíì kọ́ ni bọ́ọ̀lù kejì. Nínú oṣù Kìn-ín-ní, pápá ti wúwo, aṣọ́lé á gbá bọ́ọ̀lù gíga, àwọn ọkùnrin gíga méjì á fò sókè, orí á kan bọ́ọ̀lù, bọ́ọ̀lù á já síbì kan. Ta ló máa kọ́kọ́ débẹ̀? Iṣẹ́ agbábọ́ọ̀lù àárín nìyẹn, nígbà ọgbọ̀n tàbí ogójì nínú ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ kan. Èèyàn gbọ́dọ̀ ti máa sáré kí bọ́ọ̀lù tó já. Tó o bá dúró wò ó, o ti pẹ́.

Ohun kejì ni ìrọ̀lẹ́ Túsìdé. Ẹ gbá bọ́ọ̀lù ní Sátidé, ẹ wọ bọ́ọ̀sì lọ síbi tó jìnnà ní Túsìdé, ẹ délé lóru, Sátidé tún ti dé. Ẹni tí akọ́nimọ̀ọ́gbá máa ń fọkàn sí ni ẹni tó jẹ́ pé bó ṣe gbá a ní Sátidé ló ṣe máa gbá a ní Túsìdé. Àwọn tó mọ bọ́ọ̀lù ju Bloomfield lọ ti kọjá ní Wycombe, ó dá mi lójú. Àmọ́ lọ́dọọdún, nígbà tí wọ́n bá jókòó láti yan ẹni tí wọ́n máa tún fún níwèé àdéhùn, orúkọ rẹ̀ wà níbẹ̀. Fún ọdún 18. Ọ̀túnba, ẹ mélòó nínú wa ló ní iṣẹ́ tí wọ́n ń dánwò rẹ̀ lọ́dọọdún bẹ́ẹ̀ tí wọn ò sì lé e?

Ẹ sọ fún ọmọ náà kó máa wo ibi tí bọ́ọ̀lù máa já sí.

Ọmọ Islington

Kò sí bí a ṣe máa sọ̀rọ̀ Wycombe tí a ò ní dárúkọ ọmọ wa. Saheed Adebayo Akinfenwa! Islington ni wọ́n bí i sí ní 1982, bàbá rẹ̀ Mùsùlùmí, ìyá rẹ̀ Kìrìsìtẹ́nì, bí ilé púpọ̀ nínú ilé tiwa. Atamátàsé lòun, kì í ṣe agbábọ́ọ̀lù àárín, ṣùgbọ́n òun àti Bloomfield jọ wọ aṣọ Wycombe láti 2016 títí di 2022.

Ẹ wo bí ọ̀nà tiwọn ṣe yàtọ̀ tó. Akinfenwa bẹ̀rẹ̀ ní Lithuania, ní FK Atlantas, níbi tí wọ́n ti ń kọrin èébú sí i nítorí àwọ̀ rẹ̀. Ó padà wálé, ó gbá fún Barry Town, Boston, Leyton Orient, Doncaster, Torquay, Swansea, Northampton lẹ́ẹ̀mejì, Gillingham, AFC Wimbledon. Níbi tí ẹnì kan ti jókòó sójú kan, èkejì ń di ẹrù kiri. Ní 2016, ó gbá pẹnáritì wọlé ní Wembley nígbà tí AFC Wimbledon na Plymouth 2-0 tí wọ́n fi gòkè. Lójú ẹsẹ̀, níwájú kámẹ́rà, ó sọ pé òun ò níṣẹ́ lọ́wọ́, kí akọ́nimọ̀ọ́gbá tó bá fẹ́ òun fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sórí WhatsApp. Góòlù àṣekágbá lọ́sàn-án, aláìníṣẹ́ lálẹ́! Gareth Ainsworth ti Wycombe ló pè é.

Nígbà tí wọ́n jọ dé Championship, ìpele kejì, ní 2020, Akinfenwa ti pé ọdún 38, Bloomfield ti pé 36. Wọ́n sì ti sọ fún Akinfenwa rí pé ó tóbi jù láti gbá bọ́ọ̀lù.

Ṣadé Ilé-Ifẹ̀

Ẹ jọ̀ọ́, èmi tí mi ò mọ̀ nípa líìgì ìsàlẹ̀. Báwo ni wọ́n ṣe dé Championship tí kò bá sówó?

Awakọ̀ Bọ́ọ̀sì Bucks

Àǹtí Ṣadé, ìbéèrè tó dára. Àwọn líìgì mẹ́ta ló wà lábẹ́ Premier League nínú EFL, àjọ tó ń darí wọn: Championship, League One, League Two. Ẹgbẹ́ 24 ló wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ní oṣù Kẹta 2020, Kòrónà dá gbogbo nǹkan dúró, Wycombe wà ní ipò kẹjọ ní League One. Àwọn ẹgbẹ́ dìbò pé kí wọ́n parí sáà síbẹ̀, kí wọ́n pín àmì sí iye ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ tí oníkálukú ti gbá. Ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ tí Wycombe ti gbá kò tó ti àwọn kan, ìṣirò yẹn gbé wọn dé ipò kẹta. Àwọn kan bínú o, wọ́n ní kò tọ́. Èmi ò dá wọn lẹ́bi, ṣùgbọ́n Wycombe ṣì ní láti lọ gbá a. Wọ́n na Fleetwood 4-1 nílé Fleetwood, wọ́n gbá ọ̀mì 2-2 nílé. Ní ọjọ́ 13 oṣù Keje, ní Wembley tí kò séèyàn kankan lórí ìjókòó, wọ́n na Oxford United 2-1, Joe Jacobson ló fi pẹnáritì parí rẹ̀. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí ẹgbẹ́ náà dé ìpele kejì láti ìgbà tí wọ́n ti dá a sílẹ̀.

Bloomfield ti wọ ọdún kẹtàdínlógún ní Wycombe nígbà yẹn. Àti pé ìyàwó mi bi mí lọ́jọ́ yẹn pé kí ló dé tí mò ń pariwo nílé, tí kò séèyàn ní pápá.

Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, wọ́n já pẹ̀lú àmì 43. Derby ní 44, wọ́n dúró. Àmì kan!

Ọmọ Camberwell

Ẹ̀yin bàbá àti ìyá, àpẹẹrẹ kan ṣì kù tó sún mọ́ ọ̀rọ̀ ọmọ yìí ju Bloomfield lọ: Joe Aribo. Ọmọ Yorùbá, agbábọ́ọ̀lù àárín, àdúgbò wa ló ti jáde. Kò gba ilé ẹ̀kọ́ ẹgbẹ́ ńlá kọjá. Staines Town ló ti ń gbá bọ́ọ̀lù, ìsàlẹ̀ líìgì pátápátá, kí Charlton tó mú un ní 2015. Ó bá Charlton gòkè láti League One ní 2019, ní Wembley, nígbà tí wọ́n na Sunderland nínú ìṣẹ́jú àfikún. Ó lọ sí Rangers. Lóṣù Kẹsàn-án ọdún yẹn kan náà, ó wọ aṣọ Super Eagles fún ìgbà àkọ́kọ́, ó gbá bọ́ọ̀lù wọlé Ukraine. Ní 2022, ó gbá góòlù sáwọ̀n Eintracht Frankfurt nínú àṣekágbá Europa League ní Seville, bó tilẹ̀ jẹ́ pé pẹnáritì gba ife náà lọ́wọ́ wọn.

Ọmọ tí kò bá gba League Two, báwo ló ṣe máa rí ọ̀nà bẹ́ẹ̀?

Ràímì Nọ́ńbà 8

Àbúrò Camberwell, mo fẹ́ràn Aribo, ṣùgbọ́n ẹ má fi ìyẹn tan ọmọ náà. Tó bá jẹ́ nítorí àtidé Seville ló ṣe ń lọ, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta yẹn á pá a láyà. Kó lọ nítorí pé ó fẹ́ gbá bọ́ọ̀lù ní Túsìdé.

Ọ̀túnba Bódìjà

Mo ti ń ka gbogbo yín láti àná. Mo gba ibì kan: kì í ṣe ìtìjú. Mo yí ọ̀rọ̀ mi padà lórí ìyẹn, Ràímì ló yí i fún mi.

Àmọ́ mo lọ wá ìdí tí Bloomfield fi dáwọ́ dúró. Kì í ṣe pé ó rẹ̀ ẹ́. Orí rẹ̀ ló fara gbá, ọpọlọ rẹ̀ mì, àwọn dókítà sì ní kó má gbá bọ́ọ̀lù mọ́. Bọ́ọ̀lù kejì tí Ràímì ń sọ yẹn, orí èèyàn ló ń kọ́kọ́ kàn án. Èmi bàbá ni, ẹ má bínú, ìyẹn ni mo rí.

Ìyá Káyọ̀dé

Ọ̀túnba, ẹ ṣeun tẹ́ ẹ sọ ọ́. Kí wọ́n bi ẹgbẹ́ náà léèrè lọ́jọ́ àkọ́kọ́: tí orí ọmọ bá gbá, ta ni dókítà, ọjọ́ mélòó ló máa fi sinmi? Kí ìyá rẹ̀ wà níbẹ̀ tí wọ́n bá ń dáhùn. Àwa ò béèrè rí.

Awakọ̀ Bọ́ọ̀sì Bucks

Ẹ jẹ́ kí n fi èyí kún un, torí Ọ̀túnba ní ọmọ ọdún 35 á jókòó sílé. Lóṣù Kẹsàn-án 2022, Colchester United gba Bloomfield ní akọ́nimọ̀ọ́gbá. Lóṣù Kejì 2023, Ainsworth lọ sí QPR, ẹgbẹ́ kan ní Lọ́ńdọ̀nù, Wycombe sì pe Bloomfield padà láti wá jókòó sórí àga rẹ̀. Ó mú wọn dé àṣekágbá ife EFL Trophy ní Wembley ní 2024, Peterborough na wọ́n 2-1. Nígbà tí Luton wá mú un lóṣù Kìn-ín-ní 2025, ipò kejì ni Wycombe wà ní League One. Luton kò dùn fún un o: wọ́n já kúrò ní Championship, wọ́n sì ní kó máa lọ lóṣù Kẹwàá. Iṣẹ́ akọ́nimọ̀ọ́gbá rí bẹ́ẹ̀. Àmọ́ ẹni tó ti fojú rí ìjáwálẹ̀ mẹ́rin lórí pápá, mi ò rò pé ẹ̀karùn-ún ló máa fọ́ ọ.

Àdìsá Croydon

Ẹ̀yin èèyàn mi, mo dúpẹ́ gan-an. Mo ka gbogbo ọ̀rọ̀ yín sétígbọ̀ọ́ ẹ̀gbọ́n mi lánàá. Kò sọ nǹkan kan títí mo fi dé ti Ìyá Káyọ̀dé, ibi tó ní ọmọ ń dìde kúrò ní pálọ̀. Ó ní kí n ka ibẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i.

Ó ní kó lọ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ó bá yunifásítì sọ̀rọ̀, wọ́n ní àwọn lè fi ààyè rẹ̀ pa mọ́ di ọdún tó ń bọ̀. Ìyá rẹ̀ ti kọ ìbéèrè orí yẹn sínú ìwé. Ọmọ náà fúnra rẹ̀ ní kí n bi Ràímì pé ṣé bàtà eléyín rọ́bà tó?

Ràímì Nọ́ńbà 8

Kò tó. Kó ra èyí tó ní eyín irin, kó sì ti máa wọ̀ ọ́ rìn nílé kí Mọ́ńdè tó dé kó má baà bó o lẹ́sẹ̀. Ẹ jẹ́ ká gbọ́ bó ṣe ń lọ.